Yíya Fọ́tò Oòrùn Pẹ̀lú Tẹlisíkóòpù àti Fílítà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ti ní tẹlisíkóòpù kékeré nílé, tó sì fẹ́ máa fi ya oòrùn, la kọ èyí fún. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta.

Ṣé oòrùn lè ba ojú jẹ́ lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bani?

Ó lè bà á jẹ́ pátápátá, kò sì ní dun ẹni náà nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kì í mọ ìrora, torí náà ó lè jóná láìsí ìkìlọ̀ kankan. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan lẹni náà á tó rí i pé àárín gbùngbùn ohun tóun bá wò ti ṣókùnkùn. Lọ́sàn-án gangan, ihò ojú máa ń sún kì dé nǹkan bíi mílímítà 2. Tẹlisíkóòpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 80 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 1,600 ti ihò yẹn, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Kò sí pé ẹ kàn fẹ́ yọjú wò ó fìrí.

Ẹ má sì fi tẹlisíkóòpù tó kọjú sí oòrùn sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ò ní bi yín léèrè kí wọ́n tó fojú sí i.

Ibo gan-an ni fílítà yẹ kó wà, irú wo ló sì yẹ ká rà?

Iwájú ni, lẹ́nu ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ooru má ráyè wọnú rárá. Èyí tó dáa jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni film oòrùn bíi AstroSolar tí ilé iṣẹ́ Baader ní Jámánì ń ṣe. Oríṣi méjì ló wà, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí wọ́n kọ OD 5.0 sí ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 100,000 ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá. Òun ló yẹ fún ojú àti kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n kọ OD 3.8 sí ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá kan nínú 6,300 kọjá. Kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo, OD 5.0 ni kí ẹ rà.

Fílíìmù X-ray, CD, gíláàsì tí wọ́n fi èéfín fìtílà kùn, gbogbo wọn ò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Abọ́ omi táwọn èèyàn máa ń wo oòrùn nínú rẹ̀ náà ò dáa: omi ń dá nǹkan bí ìdá kan nínú 50 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú, ẹ fi wé ìdá kan nínú 100,000. Gíláàsì àwọn wẹ́dà nọ́ńbà 14 ṣe é fi wo oòrùn pẹ̀lú ojú lásán, àmọ́ kò sí ohun tó kàn án nídìí tẹlisíkóòpù. Bákan náà ni awò páálí tí wọ́n máa ń pín fúnni nígbà tí òṣùpá bá fẹ́ bo oòrùn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ sójú kí ẹ tó yọjú sí tẹlisíkóòpù tí kò ní fílítà níwájú, á jó lu lójú ẹsẹ̀.

Fílítà kékeré kan tí wọ́n kọ “SUN” sí wà nínú páálí tẹlisíkóòpù mi. Ṣé mo lè lò ó?

Rárá. Ìdí lẹ́ńsì tí a ń fojú wò ni wọ́n ní ká dè é mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ooru ń kóra jọ sí. Gíláàsì rẹ̀ máa ń là lójijì, tí ojú sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ dà á nù, kí ẹlòmíì má bàa rí i lò lọ́la.

Báwo la ṣe ń fi film ṣe fílítà tó máa dúró dáadáa?

Ká ní tẹlisíkóòpù yín jẹ́ mílímítà 80, tí etí ìta ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 100. Ẹ gé páálí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì gùn tó mítà kan. Ẹ kọ́kọ́ fi bébà kan ṣoṣo yí ẹnu tẹlisíkóòpù ká, kí ẹ wá wé páálí náà lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ìpele kan mọ́ èkejì. Bébà yẹn ló ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ tán, òrùka páálí náà á máa wọlé, á sì máa jáde láìhá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé òrùka pẹlẹbẹ méjì: kí ihò àárín wọn jẹ́ mílímítà 85, kí etí òde wọn jẹ́ 125. Ẹ tẹ́ bébà ìnujú sórí tábìlì, kí ẹ gbé film lé e. Ẹ lẹ tépù olójú méjì mọ́ òrùka pẹlẹbẹ kan, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ sórí film láìfà á rárá. Ẹ gé etí film tó yọ síta kúrò, ẹ fi òrùka kejì tẹ̀ ẹ́ láti òdìkejì, kí ẹ sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ òrùka gígùn. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í jù nìyí: wọ́n á na film náà títí á fi le kánkán nítorí pé ó rẹwà bẹ́ẹ̀. Film tó le ń ba àwòrán jẹ́. Èyí tó rún díẹ̀ kò ṣe àwòrán ní nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú méjèèjì rẹ̀ ni wọ́n fi irin kùn, torí náà èyíkéyìí tó bá kọjú síta ló dáa.

Kí ẹ tó lò ó lójoojúmọ́, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ gbé e síwájú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí ihò abẹ́rẹ́ kan bá wà, ẹ kán ọ̀dà dúdú bíńtín sí i. Bó bá ti ya, tàbí tí ihò rẹ̀ pọ̀, ẹ jù ú nù. Nígbà tí ẹ bá gbé e sẹ́nu tẹlisíkóòpù, ẹ fi tépù dè é níbi mẹ́ta, torí atẹ́gùn kan ṣoṣo ti tó láti gbé e lọ.

Báwo ni mo ṣe máa rí oòrùn bí mi ò bá gbọ́dọ̀ fojú wá a?

Òjìji ni ẹ óò fi wá a. Ẹ kọ́kọ́ bo awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlisíkóòpù, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí òun náà lè jó aṣọ àti ara. Ẹ wá wo òjìji tẹlisíkóòpù nílẹ̀. Bí ẹ ṣe ń yí i, òjìji gígùn yẹn á máa kúrú, á máa kúrú, títí tí yóò fi kù bíríkítí kékeré tí kò fẹ̀ ju ẹnu tẹlisíkóòpù fúnra rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni oòrùn wà. Ẹ fi lẹ́ńsì tí kì í sún nǹkan mọ́ni púpọ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi mílímítà 25, oòrùn á wọ inú rẹ̀.

Kí ni mo máa rí pẹ̀lú film nìkan?

Ẹ óò rí ojú oòrùn fúnra rẹ̀, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bíi 5,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti àwọn àmì dúdú ara rẹ̀. Àwọn àmì yẹn dúdú nítorí pé ooru wọn rẹlẹ̀ sí ti àyíká wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́, tí tẹlisíkóòpù yín sì tó mílímítà 100, ẹ óò rí hóró-hóró tó bo gbogbo ojú rẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000, kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó yí padà.

Àwọn àmì dúdú yìí máa ń pọ̀, wọ́n sì máa ń dín kù ní yípo nǹkan bí ọdún 11. Yípo tí a wà nínú rẹ̀ yìí, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, NASA àti NOAA (ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà) sì kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé ó ti dé góńgó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ọ̀wọ́ àmì tí wọ́n pè ní AR 3664 tóbi débi pé awò páálí lásán ti tó láti fi rí i, òun ló sì fa ìjì oòrùn ọjọ́ 10 oṣù náà. Lójú tiwa, ẹni tó bá ń ya àwọn àmì yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń rìn láti etí kan dé èkejì, ti rí ohun tó ju fọ́tò olówó ńlá kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, ẹ má kánjú fi owó ṣòfò sórí H-alpha, ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa háídírójìn nìkan hàn, tí a óò ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Kí ni Herschel wedge?

Gíláàsì onígun tó ń wà lẹ́yìn tẹlisíkóòpù ni. Nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló ń dá padà sọ́nà ojú, ó ń lé ìyókù gba ẹ̀yìn jáde. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti film lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlisíkóòpù onílẹ́ńsì nìkan ló wà fún. Nínú onídíńgí, ooru á kọ́kọ́ kó jọ sórí díńgí kékeré kó tó dé ibẹ̀, á sì bà á jẹ́. Láìsí fílítà ND 3.0 (èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ jù fún ojú. Fílítà aláwọ̀ ewé ti 540 nánómítà (òṣùwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) tí wọ́n ń pè ní Solar Continuum máa ń mú hóró-hóró yọ dáadáa, yálà pẹ̀lú wedge tàbí pẹ̀lú film, àmọ́ kì í dá ṣiṣẹ́.

Kí ló wà nínú H-alpha tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Háídírójìn tó wà lókè ojú oòrùn ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa kan ní 656.28 nánómítà. Ìmọ́lẹ̀ ojú oòrùn ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí i, a gbọ́dọ̀ dí gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù, ká fi àlàfo tí kò tó Ångström kan sílẹ̀ (Ångström 10 ló wà nínú nánómítà kan). Ẹ̀rọ H-alpha tó wọ́pọ̀ ń fi nǹkan bíi 0.7 Ångström sílẹ̀. Bí wọ́n bá to méjì pọ̀, ó lè sún sí 0.5, àwòrán ojú oòrùn á sì túbọ̀ hàn, àmọ́ á ṣókùnkùn sí i. Ohun tí ẹ óò rí ni ahọ́n iná tó ń yọ létí oòrùn, okùn dúdú tó nà sórí rẹ̀, àti ìbúgbàù tó ń mọ́lẹ̀ yànràn lẹ́bàá àwọn àmì dúdú.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tó léwu. Fílítà H-alpha kan wà tí àwọn tó ń ya ìkùukùu gáàsì tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lóru máa ń lò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 3 sí 7. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn ò jọra. Ti nánómítà 7 fẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ti 0.7 Ångström lọ. Kò lè fi ahọ́n iná hàn lọ́sàn-án, kò sì lè dáàbò bo ojú.

Ẹ̀yà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀rọ oòrùn bíi ti Coronado, Lunt tàbí Daystar: fílítà tó ń lé ooru padà, etalon tó ń yan ìgbì tóóró yẹn, àti fílítà ìdènà tó ń gba ojú là nípa dídí gbogbo ìgbì yòókù tí etalon ń jẹ́ kó kọjá. Kò sí èyí tí ẹ lè yọ kúrò nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ra Coronado PST àlòkù, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò: ọ̀kan nínú fílítà kéékèèké rẹ̀ máa ń ṣú bó bá ti pẹ́, àwòrán á sì rí bàìbàì. Ní etí òkun bí Èkó, Kútọnu tàbí Lomé, ẹ máa tọ́jú ẹ̀rọ yìí sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, pẹ̀lú àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mu.

Mo ti gbé H-alpha sí i, àmọ́ bọ́ọ̀lù pupa lásán ni mò ń rí.

Ẹ ò tíì tún un tò dé orí ìgbì náà ni. Àwọn kan ń fi títẹ̀ gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe é, àwọn kan ń fi agbára afẹ́fẹ́, Quark ti Daystar sì ń fi ooru iná ṣe é. Quark ń lo iná fóltì 5 láti power bank; ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí iná ara rẹ̀ á fi di aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì rẹ̀ ní àmì kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó dájọ́. Ẹni tó bá ń yí i lọ yí i bọ̀ láìdúró ò ní rí nǹkan kan.

Ẹ máa wo okùn dúdú kan tàbí ẹ̀gbẹ́ àmì dúdú kan bí ẹ ṣe ń tún un tò, ẹ má wo etí oòrùn. Ahọ́n iná etí máa ń hàn kódà nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì dé ibi tó yẹ gan-an.

Kálíṣíọ̀mù K ńkọ́?

Ìgbì 393.4 nánómítà ni, kámẹ́rà ló sì wà fún jù. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i dáadáa, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ga.

Kámẹ́rà wo ló bá a mu?

Fóònù tí ẹ fi nǹkan dè mọ́ ìdí lẹ́ńsì ti tó fún àmì dúdú. Kámẹ́rà DSLR náà dáa: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100 àti 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ máa yí i títí ojú oòrùn ò fi ní funfun jù. Fún H-alpha, kámẹ́rà aláwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wá, torí nínú kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère, ẹyọ kan nínú mẹ́rin péré ló ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo oòrùn wọ inú fọ́tò kan, ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 109 pín focal length tẹlisíkóòpù (jíjìn láti lẹ́ńsì tàbí díńgí rẹ̀ dé ibi tí àwòrán ti ń kóra jọ). Mílímítà 400 á fún yín ní àwòrán oòrùn tó fẹ̀ tó mílímítà 3.7. Sensor (ẹ̀yà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tí wọ́n ń pè ní IMX178 ga tó mílímítà 5, torí náà ó gbà á. Bí focal length bá kọjá nǹkan bíi 500, kò ní gbà á mọ́. IMX174 tó ga tó mílímítà 7 lè dé nǹkan bíi 700. Ìṣirò yìí kan náà ló ń sọ bóyá fílítà ìdènà tó fẹ̀ tó mílímítà 6 á tó yín: fún mílímítà 800, àwòrán oòrùn á fẹ̀ tó 7.3, fílítà yẹn á sì gé etí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ibì kan, ẹ ṣe é kí nọ́ńbà f (focal length tí a fi fífẹ̀ ẹnu tẹlisíkóòpù pín) tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ pixel (ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí sensor) ní micron fún H-alpha. Pixel 2.4 ń fẹ́ nǹkan bíi f/7, pixel 5.86 ń fẹ́ nǹkan bíi f/18. Tó bá kọjá ìyẹn, àwòrán kàn ń tóbi ni, kò sí ohun tuntun tó ń fi hàn.

Ìgbà wo ló dáa jù láti ya á?

Òwúrọ̀, nǹkan bíi wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á ti gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n, etí oòrùn á sì máa hó lójú kámẹ́rà. Orí koríko dáa ju orí kọnkéré lọ, kí ẹ sì yẹra fún ibi tí oòrùn bá gba orí páànù ilé kọjá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù ọyẹ́ ń tanni jẹ: kò sí ìkùukùu, ṣùgbọ́n eruku tó wà lójú ọ̀run ń mú àwòrán ṣú, ó sì ń ba lẹ́ńsì. Òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé òjò ńlá, nígbà tí ojú ọ̀run ti mọ́, ló sàn jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ọ̀sán oṣù Kejìlá kì í ga ju nǹkan bíi ìwọ̀n 15 lọ, torí náà níbẹ̀, ọ̀sán ni kí ẹ lò nígbà òtútù.

Máùntì mi, ìyẹn ohun tó gbé tẹlisíkóòpù dúró, kò lè rẹlẹ̀ tó bí mo ṣe wà l'Ékòó.

Ìṣòro gidi nìyẹn. Èkó wà ní ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà ìdajì ayé, Ìbàdàn ní 7.4, ọ̀pọ̀ máùntì equatorial (èyí tí a gbọ́dọ̀ tẹ òpó rẹ̀ sí ìwọ̀n ibi tí a wà kó tó lè tẹ̀ lé oòrùn) kì í sì í sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀; ọ̀pá tí ìwúwo ìdọ́gba wà lára rẹ̀ tún máa ń gbá ẹsẹ̀ ìdúró. Bí tiyín bá dúró sí 15, ẹ sún ẹsẹ̀ tó kọjú sí àríwá wọlé kó kúrú títí gbogbo rẹ̀ á fi tẹ̀ síwájú ní nǹkan bíi ìwọ̀n 8.5, kí ẹ gbé ohun tó wúwo kọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa dojú dé. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé máùntì alt-az oníná (èyí tó ń yí sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì) rọrùn jù níbí, torí fídíò ìṣẹ́jú kan tí a óò fi ṣe fọ́tò kò tó kí yíyí àwòrán di wàhálà. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán l'Ékòó ń bọ́ sí àárín orí gan-an, alt-az kì í sì í lè tẹ̀ lé e níbẹ̀. Ẹ yí ìyára rẹ̀ sí “solar”. Láìsí mọ́tò rárá, oòrùn á rin fífẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì.

Báwo la ṣe ń gba fídíò náà, kí la sì ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Sọ́fítíwíà FireCapture tàbí SharpCap ni ẹ óò fi gbà á, ní fáìlì fídíò SER. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lórí histogram (àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn) wà ní nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bá ti funfun kọjá ààlà kò ṣe é gbà padà. Exposure (àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) á máa wà ní mìlísẹ́kọ́ńdù díẹ̀. Ẹ gba fréèmù (ẹyọ àwòrán inú fídíò) 1,000 sí 2,000, kó má ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ, torí ohun tó wà lójú oòrùn ń rìn. Fréèmù 1,000 láti IMX178 ní bit 8 á tó GB 6.4, torí náà díìsìkì SSD tó yára ló yẹ.

Ẹ fi páálí ńlá tàbí aṣọ dúdú bo orí yín àti láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó tún fókọ́ọ̀sì ṣe. Lójú oòrùn ọ̀sán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá etí àmì dúdú kan mú tàbí kò mú. Ẹ tún un wò ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí irin tẹlisíkóòpù ń gbóná, ó ń gùn, fókọ́ọ̀sì ń sún.

Sọ́fítíwíà AutoStakkert! ló máa yan fréèmù tó dáa jù, kó sì to wọ́n pọ̀: ẹ lo “Surface” fún ibi tí ẹ sún mọ́, “Planet” fún gbogbo oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbọ̀n, ẹ mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá dúró, ìdá 20. Lẹ́yìn náà ni sọ́fítíwíà ImPPG á jẹ́ kí àwòrán náà mú: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sigma 1.3. Bí òrùka funfun bá ti yọ yí etí oòrùn ká, ẹ ti ṣe é jù. Àwọ̀ osàn tó wà lára fọ́tò H-alpha, ẹ̀yin lẹ máa fi í sí i nígbẹ̀yìn.

Ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, dúdú àti funfun, bo gbogbo àwòrán H-alpha mi.

Òrùka Newton ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tóóró yẹn ń kọlu ara rẹ̀ láàárín sensor àti gíláàsì tó bò ó. Ohun kékeré kan tó ń tẹ kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ wà lọ́jà, òun ló ń mú un kúrò. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ ya flat, àwòrán tí àléébù kámẹ́rà àti gíláàsì nìkan ń hàn nínú rẹ̀: ẹ fi ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iwájú tẹlisíkóòpù H-alpha, láìyọ fílítà kankan, kí ẹ gba fréèmù 100, kí sọ́fítíwíà fi pín àwòrán. Flat náà ló ń pa àmì eruku rẹ́.

Tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá, ṣé mo lè yọ fílítà?

Kìkì ìgbà tó bá bò ó tán porogodo, bíi ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 tó gba orí Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ padà létí, fílítà gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027 á ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ nítòsí Luxor ní Íjíbítì. Níbi tó bá ti jẹ́ pé apá kan ni òṣùpá bò, ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ rárá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ apá òkè nínú fọ́tò mi?

Ẹ pa mọ́tò máùntì: apá ibi tí oòrùn ń sún lọ nínú àwòrán ni ìwọ̀ oòrùn. Ẹ wá fi fọ́tò yín wé ti ọjọ́ náà láti SDO, sátẹ́láìtì tí NASA gbé sókè ní oṣù Kejì ọdún 2010. Ọ̀fẹ́ ni àwọn àwòrán rẹ̀, àríwá oòrùn ló sì máa ń wà lókè nínú wọn. Òpó oòrùn máa ń tẹ̀ dé nǹkan bíi ìwọ̀n 26 sí ọ̀tún tàbí sí òsì láàárín ọdún, torí náà ẹ má retí kí tiyín dọ́gba láìyí i. Ẹ kọ àkókò sára fáìlì ní UT (aago àgbáyé): ẹni tó wà ní Nàìjíríà tàbí Benin á yọ wákàtí kan kúrò nínú aago rẹ̀, ẹni tó wà ní Tógò ò ní yọ nǹkan kan.